Bẹ́ ẹ ṣe lè fi fídíò ṣàlàyé físíìsì tó le fún ẹni tí ò ka físíìsì rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ fídíò físíìsì ní Yorùbá, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn. Kì í ṣe físíìsì bí wọ́n ṣe ń so wáyà mọ́ bátìrì ni mò ń sọ o, ìyẹn ti pọ̀ nílẹ̀. Físíìsì orí pátákó ni, ti Einstein, quantum (físíìsì àwọn nǹkan bíńtín bí átọ́ọ̀mù), black hole (ohun tó wúwo débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè jáde nínú ẹ̀), àwọn nǹkan tí wọ́n fi ìṣirò rí kó tó di pé ẹnikẹ́ni fojú rí i. Ìwọ̀nyẹn ló máa ń wu àwọn èèyàn gbọ́ jù, òun náà ló sì máa ń bàjẹ́ jù lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀.

Ohun tó sì máa ń bà á jẹ́ ò ju pé èèyàn fẹ́ kó gbogbo ayé àti ọ̀run sínú fídíò kan. Á bẹ̀rẹ̀ látorí Big Bang, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé, á já sórí ìràwọ̀, á já sórí black hole, á fi orin tó ń dún gbùùù sábẹ́ ẹ̀, ìṣẹ́jú méjìlá ti lọ, ẹni tó ń wò ó á ní "há, Ọlọ́run tóbi o", á sì fìka tì í sókè lọ síbi tí wọ́n ti ń jó. Tẹ́ ẹ bá bi í lọ́jọ́ kejì pé kí ló gbọ́, kò lè sọ nǹkan kan. Ìyanu ló wò, kò gbọ́ àlàyé kankan. Mi ò ní kẹ́ ẹ má yà wọ́n lẹ́nu o, àmọ́ ẹnu tó bá là sílẹ̀ gbọ́dọ̀ padà pa dé, kó tún wá là láti béèrè ìbéèrè, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ a kàn jọ ṣeré ni.

Torí náà, nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má mú "relativity", ìyẹn tíọ́rì Einstein lórí àyè àti àkókò, ó ti fẹ̀ jù, odidi ìwé ni wọ́n ń kọ lórí ẹ̀ tí ò tán. Ẹ mú gbólóhùn kan tó ṣe é jiyàn lé lórí, irú èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ nínú Máíkírà láti Sángo sí Dùgbẹ̀, ẹnì kan níwájú á yíjú padà pé "irọ́ nìyẹn jàre". Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, òun náà ni màá fi ṣàpẹẹrẹ bá a ṣe ń lọ, ni èyí: aago tó wà lórí Cocoa House ń yára ju aago tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọdún 1915 ni Einstein parí tíọ́rì ẹ̀ lórí gravity, ìyẹn fífà tí ohun tó wúwo ń fa nǹkan míì mọ́ra, ohun tó sì wà nínú ẹ̀ ni pé bí nǹkan bá ṣe súnmọ́ ohun tó wúwo tó ni àkókò ṣe máa ń falẹ̀ fún un tó. Ilẹ̀ ayé yìí wúwo, ẹni tó dúró sísàlẹ̀ súnmọ́ ọn ju ẹni tó wà lókè, ó parí. Cocoa House ga tó nǹkan bíi mítà 105. Ìṣirò ẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: ẹ fi 9.8, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan, sọ 105 di púpọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ pín in sí ìyára ìmọ́lẹ̀ lọ́nà méjì, ìyẹn 300,000,000 tẹ́ ẹ fi sọ ara ẹ̀ di púpọ̀. Ohun tó máa jáde kéré gan-an ni. Ẹ wá fi sọ iye sẹ́kọ́ndì tó wà nínú ọjọ́ kan, 86,400, di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nanosẹ́kọ́ndì kan géérégé lójúmọ́, ìyẹn sẹ́kọ́ndì kan tí wọ́n pín sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Láti 1965 tí wọ́n ti ṣí ilé yẹn, ká ní aago méjì ti wà níbẹ̀ látìgbà náà, tòkè á ti fi nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ndì 22 ṣíwájú tìsàlẹ̀ (máíkírósẹ́kọ́ndì kan ni sẹ́kọ́ndì kan tí wọ́n pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan). Èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìdí tí mo fi mú Cocoa House. Kì í ṣe tìtorí kí fídíò lè dà bíi ti ilé o. Mo rí àwọn tó máa gbé Mápó Hall sẹ́yìn, wọ́n á wá máa sọ̀rọ̀ nípa electron, Mápó ò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tó ń lọ, ó kàn dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Tẹ́ ẹ bá mú ibi kan nílùú, ẹ fún un níṣẹ́ ṣe. Gíga Cocoa House ló wọnú ìṣirò yẹn, tí kò bá sí i, kò sí iye. Gbogbo ẹni tó bá ti gba Dùgbẹ̀ kọjá rí mọ bó ṣe ga tó, wọn ò nílò kẹ́ ẹ ṣàlàyé mítà 105 fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ ló kàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ máa fi ẹnu wá a lójú kámẹ́rà, torí físíìsì kì í ṣe gísì. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tán kẹ́ ẹ wá máa túmọ̀ ẹ̀, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí àwọn kan máa sọ̀rọ̀ bí ìròyìn aago méje. Lẹ́yìn náà ẹ máa rìn káàkiri yàrá, ẹ kà á sókè. Ibi tí èémí bá ti tán lẹ́nu yín, gbólóhùn yẹn gùn jù, ẹ gé e. Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ tèmi:

"Ẹ wo Cocoa House yìí. Tẹ́ ẹ bá gbé aago kan sórí ẹ̀, tẹ́ ẹ gbé èkejì sísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ò ní jọ rìn. Tòkè á máa yára. Kì í ṣe pé aago náà bàjẹ́ o. Àkókò fúnra ẹ̀ ló ń yára lókè."

Kò sí "ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa, ẹ má gbàgbé láti ṣe subscribe", kò sí orin. Ọ̀rọ̀ tó ń wá iyàn ti jáde kí ìka ẹni tó ń wò ó tó rìn. Gbólóhùn kẹrin yẹn nítàn, màá sọ ọ́ tó bá yá.

Ohun tó kàn ni iyàn ẹni tó ń wò. Ẹ má sá fún un, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún un: "Ẹ máa ní, ta ló ti wọ̀n ọ́n rí?" Kẹ́ ẹ wá dáhùn. Lọ́dún 1960, ọdún tá a gba òmìnira gan-an, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Pound àti Rebka, gbé èsì tí wọ́n rí ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà jáde, inú ilé gogoro kan tí gíga ibi tí wọ́n lò ò ju mítà 22.5 lọ ni wọ́n ti ṣe é, kò tó ìdámẹ́rin Cocoa House. Lọ́dún 2010 àwọn kan ní NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, gbé aago méjì, wọ́n gbé ọ̀kan sókè ju èkejì lọ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 33 péré, gíga àtẹ̀gùn kan tàbí méjì nílé pẹtẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì rí ìyàtọ̀ náà. Orí èyí ni kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́, torí èèyàn ò ní gbà yín gbọ́ torí pé Einstein ló sọ ọ́, ẹnikẹ́ni lè sọ pé Einstein ló sọ ọ́, àní àwọn tó ń ta ògùn náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ló tó máa wọ̀ wọ́n létí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni "kí ló fà á?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń fò kọjá, wọ́n á ní "space-time ló tẹ̀", ìyẹn àyè àti àkókò pa pọ̀, wọ́n á sì tẹ̀síwájú, ṣé ẹ rí i, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Àlàyé kan wà tí ò fi bẹ́ẹ̀ le. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gbọ̀n bó ṣe ń lọ, ó sì ní iye ìgbà tó ń gbọ̀n nínú sẹ́kọ́ndì kan. Tẹ́ ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń pàdánù agbára díẹ̀ bó ṣe ń gòkè, bíi gbogbo ohun tó bá ń gòkè, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ò lè dín eré kù, torí náà gbígbọ̀n ẹ̀ ló máa falẹ̀. Ẹni tó wà lókè á kà á, á rí i pé ó kéré ju èyí tí wọ́n ní àwọ́n fi ránṣẹ́ nísàlẹ̀. Ó dáa, níbo ni ìyókù wà? Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ló kúrò nísàlẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan ló gbọ́dọ̀ dé òkè, kò síbi tó fẹ́ sọnù sí lójú ọ̀nà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìṣirò àwọn méjèèjì fi lè bá ara mu ni kí sẹ́kọ́ndì wọn máà rí bákan náà. Ẹ fi èyí sílẹ̀ lójú wọn fún ìgbà díẹ̀, ẹ dákẹ́, sẹ́kọ́ndì mẹ́ta kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan. Ó máa ń ṣe àwọn tó ń ṣe fídíò bíi pé tí wọ́n bá dákẹ́ èèyàn á lọ. Irọ́ ni, ẹni tó ń ronú kì í lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa ronú aṣọ rọ́bà báyìí. Ẹ mọ̀ ọ́n: wọ́n á ta rọ́bà bí awọ, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù tó wúwo sáàárín, ibẹ̀ á jìn wọlé, wọ́n á yí bọ́ọ̀lù kékeré sí i, á máa pòyì yí ti ńlá ká, wọ́n á ní "gravity nìyẹn". Ó dùn ún wò, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n èmi ò ní lò ó. Èkíní, ọmọ tó bá gbọ́n á béèrè pé kí ló fa bọ́ọ̀lù ńlá yẹn wálẹ̀ tí rọ́bà fi jìn, ìdáhùn ẹ̀ sì ni gravity, ẹ ti wá fi gravity ṣàlàyé gravity, ẹ ò tíì kúrò lójú kan. Èkejì ló burú jù: àyè nìkan ni rọ́bà yẹn fi hàn pé ó tẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fún gbogbo nǹkan tó ń já bọ́ lọ́wọ́ wa níbí, máńgòrò, fóònù, omi, ìyàtọ̀ nínú bí àkókò ṣe ń rìn lókè àti nísàlẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó ṣá, ẹ kọ ọ́ sójú fídíò pé "ibi tí àpèjúwe yìí dé nìyí", kẹ́ ẹ sọ ohun tí ò lè fi hàn. Gbogbo àpèjúwe ló ní ibi tó ti ń já, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n kó tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n máa rí i.

Kẹ́ ẹ tó parí, ẹ mú un wá sílé. GPS, ohun tí fóònù fi ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà, ló rọrùn jù. Àwọn sátáláìtì yẹn wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200. Torí pé wọ́n ga, aago wọn ń fi máíkírósẹ́kọ́ndì 45 yára lójúmọ́, eré tí wọ́n ń sá náà ń fà á sẹ́yìn pẹ̀lú 7, ó ku 38. Àwọn tó ṣe é ti fi ìyẹn sínú ìṣirò kí wọ́n tó gbé e lọ sókè. Tí wọn ò bá ṣe é, ibi tí fóònù ń fi hàn á máa yẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹ dúró ní Dùgbẹ̀, kí máàpù ní ẹ wà lápá Òjòó, ẹni tẹ́ ẹ pè láti wá gbé yín á sì máa fi fóònù bú yín. Níbi yìí, ẹ máa rí i pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ iye. Nanosẹ́kọ́ndì, bílíọ̀nù, ọ̀dúnrún ẹgbẹ̀rún, gbogbo ẹ̀ máa ń kọjá létí bí afẹ́fẹ́ ni. Ẹ má kó ju iye méjì sínú fídíò kan, tí méjì yẹn bá sì ti wà, ẹ fi nǹkan tí wọ́n lè dì mú hàn. Ẹ mú rúlà ilé-ìwé, sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ gbé e sójú kámẹ́rà, ẹ ní: ìmọ́lẹ̀ fi nanosẹ́kọ́ndì kan rìn láti ìbí dé ìbí. Ó tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ìyára ìmọ́lẹ̀, kìlómítà 300,000 nínú sẹ́kọ́ndì kan ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ pé kó o tó ṣẹ́jú, á ti yí ayé ká, torí ní sẹ́kọ́ndì kan ó lè yí i po ní ìgbà méje àti ààbọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà kọ ọ́ sójú fídíò, kẹ́ ẹ sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ní ọjà.

Ìṣirò ńkọ́? Àwọn kan ní tẹ́ ẹ bá ti fi ìlà ìṣirò kan sí i, gbogbo èèyàn á sá. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń ṣe àjọ, tó ń pín owó èèyàn ogójì láìsí ìwé, ṣé ìṣirò lẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Ohun tó ń lé wọn ni lẹ́tà tí wọn ò sọ orúkọ ẹ̀. Ẹ fi ìlà kan ṣoṣo sí i, ẹ kà á bí ọ̀rọ̀: "bí ilẹ̀ ṣe ń fà tó, ẹ fi sọ bí ilé ṣe ga tó di púpọ̀, ẹ pín in sí ìyára ìmọ́lẹ̀ lọ́nà méjì". Kẹ́ ẹ fi iye sí i lójú wọn, kẹ́ ẹ ṣe é lórí fóònù níṣojú wọn. Ẹ ò lè gbàgbọ́ iye èèyàn tó máa dá fídíò dúró kí wọ́n lè bá yín ṣe é.

Ní ti àwọn orúkọ, ẹ pe black hole ní black hole, electron ní electron. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ fi ṣeré. Nínú físíìsì yìí, nǹkan tí wọ́n ti wọ̀n wà, nǹkan tó ṣì wà lórí ìwé náà wà, àwọn méjèèjì sì máa ń dún bákan náà létí ẹni tí ò mọ̀. Ìgbì gravity, ìyẹn gbígbọ̀n tó ń gba inú àyè fúnra ẹ̀ kọjá, Einstein sọ ọ́ ní 1916, ọdún 2015 ni LIGO, ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ ní Amẹ́ríkà, tó gbọ́ ọ. Higgs, ẹ̀yọ nǹkan bíńtín kan tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, ọdún 1964 ni wọ́n kọ ọ́ síwèé, ọdún 2012 ni wọ́n rí i ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọdún 2019 ni wọ́n gbé àwòrán black hole àkọ́kọ́ jáde, èyí tó wà láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní M87. Ìwọ̀nyí ti kúrò lórí ìwé. Àmọ́ string theory (pé okùn bíńtín tó ń gbọ̀n ni gbogbo nǹkan), multiverse (pé àgbáyé míì tún wà yàtọ̀ sí tiwa), èèyàn tí ẹ̀dà ẹ̀ wà nínú ayé míì, títí di báyìí kò sí àyẹ̀wò kankan tó fi wọ́n múlẹ̀. Multiverse yẹn sì ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù! Ẹ lè ṣe fídíò lórí ẹ̀ o, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é, àmọ́ ẹ fi àmì sí igun fídíò, àwọ̀ ewé fún ohun tí wọ́n ti wọ̀n, pupa rúsúrúsú fún èyí tó ṣì wà lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, kẹ́ ẹ má sì yí i padà nítorí view. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìtàn ìwọ̀n tó dùn, 29 May 1919 wà nílẹ̀: òṣùpá bo oòrùn, Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, sì wà ní erékùṣù Príncipe, inú òkun wa níbí, ìsàlẹ̀ etíkun Nàìjíríà, ó ń ya àwòrán ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ wọn tẹ̀ bí Einstein ṣe sọ. Àwọn míì lọ ṣe tiwọn ní Sobral ní Brazil. Ọ̀pọ̀ wa níbí rò pé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Jámánì nìkan ni gbogbo nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀.

Lábẹ́ fídíò, ẹ máa rí oríṣi méjì. Àwọn kan á ní ẹ ń bá Ọlọ́run du ipò, àwọn kan á ní Ifá ti sọ gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní ọ̀wọ̀ wọn, ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì gbè wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n lè fẹ́ràn yín. Ifá tóbi, kò nílò kí Einstein wá jẹ́rìí ẹ̀. Ìdáhùn tó máa ń ṣiṣẹ́ ni "ẹ ṣeun bàbá, nínú fídíò yìí, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ni mò ń sọ". Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá lórí irinṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó. Ohùn ló ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ: àwòrán tí ò mọ́ dáadáa, wọ́n á fara dà á, ohùn tó ń hó, wọn ò ní fara dà á. Ní Ìbàdàn yìí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, òjò orí páànù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń pariwo láti ilé ìjọsìn méjì lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ẹ̀ máa wọlé. Ẹ gba ohùn yín lọ́tọ̀ lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ wọ inú wọ́dúróòbù tí aṣọ kún, tàbí kẹ́ ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, ẹ gbé máìkì ara earpiece sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kì í ṣe iwájú ẹ̀. Ooru á mú yín, ẹ lágùn, ó tán. Àwòrán, ẹ yà á lójú fèrèsé láàárọ̀, ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí i. Ìlú tí tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà la wà yìí, WNTV, 1959, ohun tí wọ́n lò nígbà yẹn ò tó ìdajì ohun tó wà nínú fóònù yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àwòrán tó ń rìn, tẹ́ ẹ sì ní láptọ́ọ̀pù, ẹ wo Manim, ọ̀fẹ́ ni, Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni wọ́n fi ń darí ẹ̀, Grant Sanderson tó ń ṣe fídíò ìṣirò 3Blue1Brown lórí YouTube ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Blender náà ọ̀fẹ́, àmọ́ ó máa ń jẹ láptọ́ọ̀pù lórí, tí iná bá sì lọ láàárín, ẹ ó tún un ṣe. Tí ò bá sí, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀kì gan-an, torí ẹni tó ń wò á rí ọwọ́ yín bó ṣe ń fà á, á máa tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò ní já lu gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò, kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sí i, ọ̀pọ̀ ló ń wò ó nínú mọ́tò láìṣí ohùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má tíì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ fi han ẹnì kan tí ò ka físíìsì, tí ò sì bẹ̀rù yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á béèrè pé "ṣé ó yé yín?" Ta ló máa sọ pé kò yé òun? Yorùbá ni wá, wọn ò ní fẹ́ já yín kulẹ̀. Mo fi Cocoa House yẹn han màmá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, màmá wò ó tán, mo ní:

"Màmá, ṣé ó yé yín, mà?"

"Ó yé mi yékéyéké. Ọlọ́run á máa fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n fún ẹ."

"Àmín, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ọmọ-ọmọ yín bá béèrè ohun tẹ́ ẹ wò, kí lẹ máa sọ fún un?"

Màmá ronú díẹ̀. "Màá ní aago òkè ò dáa, ó ń sáré. Ti ìsàlẹ̀ ni kó rà."

Ibi tí gbólóhùn kẹrin yẹn ti wá nìyẹn. Màmá gbọ́ gbogbo ẹ̀, kò sùn, kò wo ibòmíì, àmọ́ ohun tó mọ̀ nípa aago látọjọ́ tó ti ń lò ó ni pé èyí tó bá ń sáré ti bàjẹ́, ó sì fi ìyẹn gbọ́ tèmi. Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ tí mi ò bá ní kó sọ ọ́ padà. Mo fi "kì í ṣe pé aago náà bàjẹ́" sí i, mo tún fi ibì kan sí ìparí níbi tí wọ́n ti gbé aago òkè sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìsàlẹ̀: àwọn méjèèjì á wá jọ máa rìn lọ́gbọọgba, àmọ́ èyí tó ti lọ sókè á ṣì fi ohun tó fi ṣíwájú ṣíwájú, kò ní dá a padà. Tó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́ ni, á ṣì máa sáré nísàlẹ̀. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì mẹ́ta, ẹ mú ọmọ JSS kan mọ́ ọn, torí ọmọdé ò ní ṣàdúrà fún yín, á ní "kò yé mi" lójú yín.

Fún àwọn tó ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe fídíò kejì, ẹ nà ọwọ́ yín síta báyìí, kẹ́ ẹ kọjú àtẹ́lẹwọ́ sókè. Muon kan, ẹ̀yọ nǹkan bíńtín tí ojú ò lè rí, ó kéré tán, ń gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bíi sẹ́kọ́ndì kọ̀ọ̀kan. Òkè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 15, ni wọ́n ti ń ṣẹ̀dá wọn, máíkírósẹ́kọ́ndì 2.2 péré sì ni ẹ̀mí wọn, ká ní àkókò ò falẹ̀ fún ohun tó ń sáré, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní rìn ju nǹkan bíi mítà 660 lọ kó tó kú. Kí wá ló ń ṣe ní àtẹ́lẹwọ́ yín? Fídíò ti délẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ nìkan lẹ nílò.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé ti àkọ́kọ́ síta, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe iye tó fẹ́ràn ẹ̀, ìbéèrè ni kẹ́ ẹ wá. Ti Cocoa House yìí, ó dájú pé ẹnì kan á béèrè pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹni tó ń gbé òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ń yára dàgbà ju ẹni ìsàlẹ̀ lọ ni. Ẹ má kàn kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ lọ. Ó ń yára dàgbà lóòótọ́, àmọ́ tí òkè yẹn bá fi mítà mẹ́ta ga ju ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì fi àádọ́rin ọdún gbé ibẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó máíkírósẹ́kọ́ndì kan. Ẹ fi ìlà ìṣirò yẹn náà ṣe é, mítà mẹ́ta dípò 105, kẹ́ ẹ ṣe é níṣojú wọn nínú fídíò tó kàn, kẹ́ ẹ sì fi ìbéèrè ẹni yẹn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́.